Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Là: Títún Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Tò ní Zuba

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ fi Zuba ṣe ibùgbé mọ òjò agbègbè náà dáadáa. Oṣù kẹrin ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá ni ó máa ń dáwọ́ dúró, èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ a sì máa rọ̀ láàrin oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án. Àròpọ̀ rẹ̀ lọ́dún a máa wà láàrin nǹkan bíi mílímítà 1,100 àti 1,600. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá wọlé, ọyẹ́ a dé, ewé a máa gbẹ, a sì tó bíi oṣù márùn-ún kí ilẹ̀ tó tún rí omi òjò tí ó ní láárí. Ẹni tí ó bá dá ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé ní irú ibẹ̀ yóò bá wàhálà méjì pàdé láàrin ọdún kan ṣoṣo: omi púpọ̀ tí ń kó ilẹ̀ lọ, àti àìsí omi rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbà ẹ̀yìnkùlé bí ó ti sábà máa ń rí. Ebè mẹ́ta níhìn-ín, ebè méjì lọ́hùn-ún, ìdí ewúro kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ata díẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ọ̀nà kan pàtó kò sí. Ẹni tí ń lọ já ẹ̀fọ́ a gba orí ebè kọjá, ọmọ tí ń lé bọ́ọ̀lù a gba ibẹ̀, ẹni tí ń lọ sá aṣọ náà a gba ibẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, omi òrùlé a já lu ilẹ̀, a wá ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì sọ ọ́ di ojú àgbàrá. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ilẹ̀dú ti bá gọ́tà lọ, gbòǹgbò ata ti yọ síta, ohun tí ó kù lórí ebè kò ju yanrìn àti òkúta lọ. Onílé a ní irúgbìn ni kò dára. A tún lọ ra ajílẹ̀ mìíràn. Ní èrò tiwa, kì í ṣe irúgbìn, kì í sì í ṣe ajílẹ̀. Ọ̀nà ni kò sí nínú ọgbà náà.

Ìdí tí a fi ń sọ ti ọ̀nà kí a tó sọ ti ebè

Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí òfin dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, a rọ gbogbo ènìyàn láti gbin oúnjẹ sí àyíká ilé wọn. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe oko tí a sọ di kékeré. Àgbẹ̀ lè lọ sí oko lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni à ń gbà kọjá nígbà ogún lóòjọ́, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú garawa omi lórí, nígbà mìíràn nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ tí ó bá tẹ ilẹ̀ tútù a máa fún àwọn àlàfo kéékèèké tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà nínú erùpẹ̀ pọ̀. Bí àlàfo wọ̀nyí bá ti dí, omi kò lè wọlẹ̀ mọ́, gbòǹgbò kò sì lè mí. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ tí ó hù sí ojú ẹsẹ̀ fi máa ń pọ́n, tí kì í sì í dàgbà. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ní àkókò òjò lè ba iṣẹ́ ọkọ́ odidi ọjọ́ kan jẹ́.

Ọ̀nà tí a bá là dáadáa ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba ebè lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Bí a bá sì gbẹ́ ẹ rẹlẹ̀ ju ebè lọ, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó di ibi tí omi òjò ń gbà lọ jẹ́jẹ́ láìgbé ilẹ̀ dání. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ ti omi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Wọ́n a da òkúta sí ojú ọ̀nà nítorí ẹwà, wọ́n a sì jẹ́ kí ọ̀nà náà ga ju ebè lọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a máa da gbogbo omi rẹ̀ sórí ẹ̀fọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo òjò

Àwọn àgbà wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Kí onílé tó lè kọ̀ fún un, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín títí òjò yóò fi dá. Níbo ni ọ̀ṣọọ̀rọ̀ ti ń já? Apá ibo ni omi ń dorí kọ? Níbo ni ó ti ń dúró di ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀fọn lè yé sí? Bí òjò bá ti dá, ẹ ri èèkàn kéékèèké mọ́ àwọn ojú ibẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé.

Ẹ sì ṣírò omi òrùlé yín. Bí ilé bá gùn ní mítà 12, tí apá òrùlé tí ó dà sí ẹ̀yìnkùlé sì fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, páànù ibẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 48. Òjò mílímítà 25, tí kì í ṣe ohun àjèjì ní Zuba nínú oṣù kẹjọ, yóò da nǹkan bíi lítà 1,200 láti orí páànù náà. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́fà ni èyí, tí a dà sí ìdí ògiri kan ṣoṣo lójọ́ kan. Ẹni tí ó bá ti rí iye yìí kò tún níí béèrè ìdí tí ebè abẹ́ ọ̀ṣọọ̀rọ̀ kò fi ń pẹ́. Àpáta Zuma, tí ó wà lójú ọ̀nà Kaduna tí kò sì jìnnà sí Zuba, ni ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ: omi kì í dúró lórí rẹ̀, nítorí pé kò lè mu ún. Páànù wa kò yàtọ̀ sí àpáta ní ti èyí.

Àpẹẹrẹ ẹ̀yìnkùlé kan

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀yìnkùlé kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó fẹ̀ ní mítà 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí ó jìn ní mítà mẹ́sàn-án láti ògiri ilé dé odi ẹ̀yìn, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé.

Ní ìdí ògiri, lábẹ́ ọ̀ṣọọ̀rọ̀, ẹ fi ìlà kan tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀ fún òkúta nìkan, láti igun kan dé èkejì. Ẹ má ṣe gbin ohunkóhun síbẹ̀. Láti ibẹ̀, ní àárín gbùngbùn, ẹ la ọ̀nà ńlá tí ó fẹ̀ ní mítà kan sísàlẹ̀ dé mítà 7.2, kí báárò lè kọjá nínú rẹ̀ láìkan ewé. Ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ọ̀nà ńlá yìí, ẹ to ebè mẹ́rin mẹ́rin. Kí wọ́n dá ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ lọ́nà, kí wọ́n má ṣe tẹ̀lé e. Ebè kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà márùn-ún, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àgbàlagbà tí ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kò lè nawọ́ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan àárín láìtẹ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ ni yóò máa ro ó, ẹ dín in kù sí mítà kan.

Lẹ́yìn ebè kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà kékeré yóò wà, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Láàrin orí ebè àti odi ẹ̀gbẹ́, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀. Mítà 1.2 tí ó kù ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti òkìtì ajílẹ̀. Bí ṣalángá tàbí ihò omi ẹ̀gbin bá wà ní ẹ̀yìnkùlé náà, kí ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ewé rẹ̀ jìnnà sí i. Igi eléso ni kí ẹ gbìn sí ìhà ibẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ebè mẹ́jọ, mítà onígun mẹ́rin 48 tí a lè gbìn. Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀nà ti jẹ ilẹ̀ púpọ̀ jù, ó sì lè wù yín láti fún ọ̀nà pọ̀ kí ebè lè fẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí kò gba ẹsẹ̀ méjì àti garawa omi ni ẹsẹ̀ yóò yà kúrò lórí rẹ̀, orí ebè náà ni yóò sì yà sí.

Wíwọn ilẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà àti omi

Ojú nìkan kò tó láti mọ ibi tí ilẹ̀ gbé dà sí. Àwọn bíríkìlà ní ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kò sì wọ́n. Ẹ wá rọ́bà gígùn kan tí a lè rí omi inú rẹ̀, kí ó tó bíi mítà 10, àti igi méjì tí wọ́n gùn bákan náà ní mítà kan ààbọ̀. Ẹ so ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan mọ́ igi kọ̀ọ̀kan ní òró, kí ẹ sì bu omi sí i títí yóò fi dé bíi àárín igi. Kí afẹ́fẹ́ kankan má ṣe há sínú rẹ̀. Ẹ gbé igi méjèèjì sí ojú kan náà, kí ẹ fi ẹfun ṣe àmì sí ibi tí omi dúró sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan di igi kan mú níbi tí ó wà, kí ẹnì kejì máa gbé tirẹ̀ kiri. Níbikíbi tí omi bá ti padà sí ojú àmì lára igi méjèèjì, ilẹ̀ ibi méjèèjì dọ́gba. Ẹ ri èèkàn mọ́ ibẹ̀.

Ohun èlò yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Yatenga lò ní àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Upper Volta nígbà náà, tí ó di Burkina Faso ní ọdún 1984. Láti ọdún 1979 ni ètò kan tí àjọ Oxfam ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi rọ́bà omi wá ojú ibi tí ilẹ̀ gbé dọ́gba, wọ́n sì to òkúta ní ìlà sí ojú ibẹ̀ la oko já. Òkúta náà kì í dí omi pa. Ó kàn ń dín eré rẹ̀ kù ni. Omi a ráyè wọlẹ̀, ilẹ̀dú tí ó ń gbé lọ a sì jókòó sẹ́yìn òkúta. Òjò Yatenga kò tó ti Zuba rárá, ohun tí wọ́n sì ń wá ni bí omi yóò ṣe dúró, nígbà tí ó jẹ́ pé bí omi kò ṣe níí kó ilẹ̀ lọ ni àwa ń wá. Síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni: omi tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ kì í ru ilẹ̀.

Nínú ọgbà yín, kí ọ̀nà kékeré kọ̀ọ̀kan dà díẹ̀ kúrò lára ọ̀nà ńlá sí ìhà odi. Sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan tó, ìyẹn márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ga ju àmì lọ lára igi tí ó wà ní ìsàlẹ̀, tí ó sì fi 2.5 rẹlẹ̀ sí àmì lára igi òkè, márùn-ún náà pé. Bí ilẹ̀ yín bá wọ́, tí ìlà tí ó dọ́gba kò bá ògiri ilé mu, ìlà náà ni kí ẹ tẹ̀lé. Ebè tí ó wọ́ díẹ̀ kò ba ojú jẹ́ tó ebè tí àgbàrá là sí méjì.

Ní ibi tí ọ̀nà kékeré ti pàdé ọ̀nà ńlá, ẹ ri òkúta ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́lẹ̀ ní ìbú ọ̀nà ńlá, kí orí wọn yọ díẹ̀, níwọ̀n tí báárò yóò lè gùn. Àwọn ni yóò máa yí omi tí ń sáré bọ̀ sí ọ̀nà kékeré. Láìsí wọn, ọ̀nà ńlá yóò di odò, òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ fi owó rà yóò sì bá a lọ. Ẹ to irú òkúta bẹ́ẹ̀ bí àtẹ̀gùn sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ odi pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni omi àṣẹ́kù yóò gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ihò tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì fẹ̀ tó mítà kan, tí a kó koríko àti ewé gbígbẹ sí, ni kí ẹ gbẹ́ sí igun méjèèjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹ má ṣe lu odi kí ẹ sì fi omi yín ránṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ìjà aládùúgbò tí omi bá dá sílẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ọdọọdún ni òjò yóò sì máa jí i dìde.

Ilẹ̀dú kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀

Ilẹ̀ agbègbè Zuba jáde láti ara àpáta àtayébáyé. Yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀dú orí rẹ̀ kì í sábà nípọn, ọkọ́ kì í sì í lọ jìnnà kí ó tó kan òkúta tàbí yangí. Nítorí náà, ilẹ̀dú díẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín ni ọrọ̀ yín gan-an. Kí òkúta kan tó bọ́ sí ojú ọ̀nà, ẹ há ilẹ̀dú ibẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì dà á sórí ebè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilẹ̀ tí a bá há láti ojú ọ̀nà ńlá àti àwọn ọ̀nà kékeré yóò lé díẹ̀ ní mítà oníhà mẹ́fà mẹ́ta. Tí a bá tẹ́ ẹ sórí ebè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yóò gbé wọn sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ààbọ̀. Ọ̀nà ti rẹlẹ̀, ebè ti ga, ẹ kò sì san kọ́bọ̀ fún ilẹ̀ kankan.

Ẹ fi asẹ́ onírin jọ ilẹ̀ náà bí ẹ ti ń dà á. Òkúta tí ó bá ṣẹ́kù lórí asẹ́ ni kí ẹ kó padà sí ojú ọ̀nà. Bí ẹ̀kan bá wà ní ibẹ̀, ẹ gbẹ́ gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kúrò kí ẹ sì sá wọn sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ. Òkúta kò lè dá ẹ̀kan dúró, yóò gún un já. Ilẹ̀ abẹ́ ọ̀ṣọọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ má ṣe dà sórí ebè, nítorí pé sìmẹ́ǹtì, ìṣó àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni ó sábà máa ń kún inú rẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe gbẹ́ ibẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí ìpìlẹ̀ ilé má baà yọ.

Òkúta wẹ́wẹ́

Òkúta fífọ́ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní gíránáìtì ni ó dára jù, kí ó tó ìdajì íǹṣì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Ó ní igun, nítorí náà wọ́n a máa há mọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Òkúta odò tí ó rí kiribiti lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n a máa yí lábẹ́ bàtà àti lábẹ́ táyà báárò. Àwa kò fẹ́ ẹ fún ọ̀nà tí àgbàlagbà ń rìn. Ọjà Dei-Dei, tí a mọ̀ mọ́ ohun èlò ìkọ́lé, kò jìnnà sí Zuba. Bí aládùúgbò yín kan bá ń kọ́lé, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹ́kù nídìí típà rẹ̀ kí ẹ tó ná owó.

Ẹ da òkúta sí ọ̀nà ńlá ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ti abẹ́ ọ̀ṣọọ̀rọ̀ nípọn tó 10. Ọ̀nà ńlá yóò gba bíi mítà oníhà mẹ́fà 0.36, abẹ́ ọ̀ṣọọ̀rọ̀ yóò gba 0.72. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1.08, èyí tí ó tó báárò 18 bí báárò bá ń gba lítà 60, ìwúwo rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. A kò sọ pé kí ẹ da òkúta sí àwọn ọ̀nà kékeré. Bí owó bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi, èèpo ìrẹsì tàbí koríko gbígbẹ tó fún wọn. Nígbà tí ó bá jẹrà lẹ́yìn ọdún kan, ẹ há a sórí ebè kí ẹ tẹ́ òmíràn. Òkúta kò lè ṣe èyí fún yín.

Ẹ má ṣe tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ òkúta. Omi kò níí lè wọlẹ̀, ọ̀rá náà yóò sì fàya láàrin ọdún díẹ̀, yóò máa yọ ṣóńṣó síta. Ní ti ohun tí ẹ ó fi ká etí ebè kí ilẹ̀ rẹ̀ má ṣe ya sí ojú ọ̀nà, òkúta yangí tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ lò. Pákó lásán kò dára níbẹ̀, nítorí ikán.

Ohun kan wà tí òkúta ń ṣe tí kò dára. Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Zuba bá mú gan-an, òkúta a máa gbóná, ooru rẹ̀ a sì máa jó ọ̀gbìn kékeré tí ó wà létí ebè. Ẹ fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ ní etí ebè tí ó kọjú sí ọ̀nà ńlá láìgbin ẹ̀fọ́, kí ẹ sì bò ó pẹ̀lú koríko, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìtàkùn ọ̀dùnkún fà sí i.

Ebè òjò kì í ṣe ebè ẹ̀ẹ̀rùn

Ní àkókò òjò, ebè gíga ni a ń fẹ́, kí omi lè ro dànù sí ojú ọ̀nà. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀ náà, kílógírámù kan sí méjì fún mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn 6 sí 12 fún ebè kan, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Ẹ̀gbin èso láti ọjà èso Zuba dára fún òkìtì ajílẹ̀, bí ẹ bá ti ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí òjò bá ká kúrò, ebè gíga yìí kan náà yóò di ọ̀tá yín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbẹ ẹ́ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, omi tí ẹ bá sì wọ́n sí i a máa ṣàn lọ sí ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fàdámà ní ìhà àríwá fi máa ń ṣe ebè wọn bí àwo: àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, etí rẹ̀ ga. Ní oṣù kọkànlá, ẹ há ilẹ̀ àárín ebè sí etí rẹ̀ yí po, kí etí náà ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí 10. Omi tí ẹ bá dà sí i yóò dúró, yóò sì wọlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà. Nígbà tí òjò bá fẹ́ padà dé ní oṣù kẹrin, ẹ tún ilẹ̀ náà há sí àárín. Iṣẹ́ wákàtí kan ni fún ebè kan, ó sì tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbìn lè lo nǹkan bíi mílímítà márùn-ún sí mẹ́fà omi lóòjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lítà márùn-ún fún mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà 30 fún ebè kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 kan àti ààbọ̀. Ebè mẹ́jọ yóò gba lítà 240 lóòjọ́. Ẹni tí ó bá ń ra omi lọ́wọ́ àwọn mai ruwa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú àpò rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ máa gbin ebè méjì tàbí mẹ́ta tí ó súnmọ́ ilé ìdáná nìkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi koríko bo àwọn ìyókù títí òjò yóò fi dé. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà kò yẹ kí ó dànù. Omi ọṣẹ ni kí ẹ má ṣe dà sórí ẹ̀fọ́.

Ohun tí a ń gbìn àti ibi tí ó ń gbé

Ẹ̀fọ́ tí à ń já lójoojúmọ́, bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú àti gbúre, ni kí ó wà ní ebè tí ó súnmọ́ ilé jù. Ilá, ata, tòmátì àti ìkàn lè wà ní ìsàlẹ̀. Irú ilá NHAe 47-4 tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìbàdàn gbé jáde bá ebè ẹ̀yìnkùlé mu, nítorí pé kì í ga, ó sì tètè ń so. Ẹ gbìn ín ní ìlà méjì lórí ebè kan, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ìdí kan sì jìnnà sí èkejì ní 30.

Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn máa ń gba ìhà gúúsù kọjá, òjìji a sì bọ́ sí àríwá. Láti àríwá àti ìlà-oòrùn àríwá náà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá. Ohun gíga bíi òtílí, ewúro àti igi tí àwọn Hausa ń pè ní zogale ni kí ẹ gbìn sí ìhà ibẹ̀. Yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, kò sì níí ṣíji bo ẹ̀fọ́.

Nítorí pé ọ̀nà kì í ṣípò mọ́, ebè pẹ̀lú kì í ṣípò. Ẹ fún ebè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ gbìn sí i sínú ìwé kékeré. Ata, tòmátì, ìkàn àti ọ̀dú jẹ́ ẹbí kan. Àrùn tí ń mú wọn rọ lójijì a máa gbé inú ilẹ̀ dè wọ́n. Ebè tí ọ̀kan nínú wọn ti kúrò lórí rẹ̀ kò yẹ kí ó tún gba ọ̀kan nínú wọn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ebè rẹ̀ ń yí ibi padà lọ́dọọdún kò lè mọ èyí tí ó gbin kí ni.

Ọ̀rọ̀ fún ayálégbé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ kò ní ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ó sì jẹ́ ní ojú ẹlẹ́rìí. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì de òkúta mọ́lẹ̀. Òkúta tí a kàn dà sílẹ̀ lásán ni a lè fi ṣọ́bìrì kó padà sínú àpò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ.

Ní ti ìtọ́jú, ní oṣù kẹta ọdọọdún, ẹ fi réékì tú òkúta ọ̀nà ńlá, ẹ fa koríko tí ó bá hù sí i tu kí ó tó so, kí ẹ sì kó iyanrìn tí ó ti jókòó sẹ́yìn òkúta ńlá wọ̀n-ọn-nì padà sórí ebè. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ tún dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Bí ó bá ti já òkúta kan sílẹ̀ níbì kan, ẹ tún un rì kí òjò kejì tó dé.